Bí wọ́n ṣe ń mú ọ́fúsáìdì láyé kámẹ́rà àti bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń ṣáàjì

Ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2024, ní ìlú Bouaké ní Ivory Coast, Super Eagles àti South Africa ń gbá sẹmi-fáínà ife ilẹ̀ Áfíríkà. Troost-Ekong ti gbá pẹnárítì wọlé, eré ti ń lọ sópin, Osimhen tún wá ju òmíràn sáwọ̀n, gbogbo ẹni tó ń wò ó nílé ti fò sókè, ó ti parí nìyẹn, fáínà ti dé. Àfi bí rẹfirí ṣe fọwọ́ kan etí. Ó lọ wo tẹlifíṣọ̀n tó wà létí pápá, ó padà wá, ó ní kò sí góòlù, kò sì tán síbẹ̀ o, ó tún ní kí South Africa wá gbá pẹnárítì. Mokoena gbá a wọlé, ohun tá a rò pé ó ti di 2-0 di 1-1 láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Nwabali tó gba pẹnárítì méjì dànù nígbà tó yá, òun la fi wọ fáínà, 4-2.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ṣì ń bèèrè títí dòní pé báwo ni góòlù tiwa ṣe di pẹnárítì tiwọn. Ìdáhùn ẹ̀ wà nínú òfin, kò sì le. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀ kó tó bínú sí ẹnikẹ́ni: VAR kì í ṣe ẹ̀rọ. Rẹfirí ni. Ẹ̀rọ ń wọn nǹkan, èèyàn ló ń dájọ́, ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ wa ò mọ èwo là ń bínú sí nínú méjèèjì.

Ẹni tí wọ́n ń pè ní VAR yẹn, rẹfirí gidi ni, ó jókòó sínú yàrá kan níwájú tẹlifíṣọ̀n rẹpẹtẹ, òun àti àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́, àti ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fa fídíò síwá sẹ́yìn. Yàrá náà lè má sí ní pápá rárá. Ti Premier League wà ní Stockley Park ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ì báà jẹ́ Newcastle ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa wò ó. Nígbà ife àgbáyé 2018 ní Rọ́ṣíà, Moscow ni wọ́n kó gbogbo wọn jọ sí. Oṣù kẹta ọdún yẹn náà ni IFAB, àwọn tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù, fọwọ́ sí i pé kí VAR wọ ìwé òfin. Premier League bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní sáà 2019 sí 2020, ife Áfíríkà náà lò ó ní Íjíbítì lọ́dún 2019 láti kọ́tà-fáínà lọ, ìgbà tó kan Cameroon ni wọ́n wá ń lò ó fún gbogbo máàṣì.

Àtìbẹ̀rẹ̀, nǹkan mẹ́rin ni wọ́n gbé ẹ̀ kalẹ̀ fún: góòlù, pẹnárítì, káàdì pupa tààrà, àti bí rẹfirí bá lọ fi káàdì ẹlẹ́ṣẹ̀ fún ẹni tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ fáòlù, àṣìṣe náà gbọ́dọ̀ hàn gbangba kí wọ́n tó dá sí i. Ti ọ́fúsáìdì yàtọ̀. Ọ́fúsáìdì ò ní kékeré, èèyàn wà níbẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi rọrùn láti wọ ibẹ̀ ju ibòmíì lọ.

Ká wá padà sí Bouaké. Òfin sọ pé tí fáòlù tó yẹ kó jẹ́ pẹnárítì bá ṣẹlẹ̀ tí rẹfirí ò fọn fèrè, tí bọ́ọ̀lù ò sì dúró, gbogbo eré tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ẹ̀ ò kà mọ́ tí wọ́n bá padà rí i pé fáòlù ni lóòótọ́. Kí Osimhen tó gba bọ́ọ̀lù yẹn, Alhassan Yusuf ti gbá Percy Tau lẹ́sẹ̀ nínú bọ́kìsì tiwa, rẹfirí ní kí wọ́n máa gbá a lọ, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti kúrò tó lọ sí òdì kejì, kò dúró rárá títí tó fi wọ àwọ̀n. Lójú òfin, eré ti parí síbi tí Tau ṣubú sí. Góòlù yẹn dùn, ó dùn gan-an, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí eré ti dúró ni wọ́n jẹ ẹ́. Ohun tó ń ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ ni kí bọ́ọ̀lù dúró, kí wọ́n sì tún un bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ti tún eré bẹ̀rẹ̀, VAR ò lè padà lọ tú ohun tó wà lẹ́yìn, àfi nǹkan díẹ̀ bíi kí ẹnì kan lu ẹnì kejì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ó ṣì ń bọ̀.

Ó di ọ́fúsáìdì fúnra ẹ̀. Ìgbà tí ẹlòmíì nínú tíìmù yín gbá bọ́ọ̀lù tàbí tó fara kàn án, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa wo ibi tẹ́ ẹ wà, kì í ṣe ìgbà tí bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ yín. Ara tó ṣeé fi jẹ góòlù ni wọ́n máa ń kà, orí, àyà, ẹsẹ̀. Ọwọ́ ò sí níbẹ̀, àti abẹ́ abíyá ni wọ́n sì ti ń ka ọwọ́ lọ sísàlẹ̀, torí náà èjìká wà nínú ara, ìgbọ̀nwọ́ ò sí. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi òfin yìí gbọ́ ni pé wọ́n rò pé dìfẹ́ńdà tó kẹ́yìn ni wọ́n ń wò. Rárá o. Ẹni kejì láti ẹ̀yìn ni. Kípà ló sábà máa ń jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí dìfẹ́ńdà kan ṣoṣo dà bíi pé ó tó. Ọjọ́ tí kípà bá jáde kúrò nílé ẹ̀ ni wàhálà máa ń bẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí wọ́n ṣí ife àgbáyé ní Qatar, ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ìṣẹ́jú kẹta péré, Enner Valencia ti Ecuador fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé, wọ́n fagi lé e, gbogbo ayé ń bèèrè pé níbo ni ọ́fúsáìdì wà. Kì í ṣe lára Valencia. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá wọ bọ́kìsì lókè ni kípà Qatar jáde lọ bá, Félix Torres ló kọ́kọ́ kàn án, ìgbà tó kàn án yẹn, ẹsẹ̀ Michael Estrada ti kọjá ẹni kejì láti ẹ̀yìn, torí kípà ti jáde, dìfẹ́ńdà kan ló ṣẹ́ kù. Ojú lásán ò lè rí i. Ẹ̀rọ rí i, wọ́n wá fi àwòrán ẹ̀ han aráyé pé ẹsẹ̀ rèé, ìlà rèé. Ecuador ṣì padà jẹ méjì, Valencia náà ló jẹ méjèèjì.

Kó tó di ìgbà ẹ̀rọ yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa ìlà. Wọ́n á dá fídíò dúró, wọ́n á mú fọ́tò kan tí wọ́n rò pé ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti kúrò lẹ́sẹ̀, wọ́n á wá fi ìlà sí orúnkún dìfẹ́ńdà, wọ́n á tún fi sí èjìká ẹni tó ń sáré, a ó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, a ó máa dúró. Ìṣòro tó wà níbẹ̀, ìlà yẹn kọ́, fọ́tò yẹn ni. Kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ń ya bíi fọ́tò 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó dà bíi pé ó pọ̀, àbí? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù tó yára gan-an lè rin mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín fọ́tò kan àti èyí tó tẹ̀ lé e, ó ti rin sẹ̀ǹtímítà 20. Tí dìfẹ́ńdà bá tún ń sáré bọ̀ síwájú láti lọ fi í sí ọ́fúsáìdì, àlàfo àárín wọn á fi bíi sẹ̀ǹtímítà 40 yí padà, ó ju rúlà ọmọ iléèwé kan lọ dáadáa. Ẹsẹ̀ lè kan bọ́ọ̀lù láàárín fọ́tò méjì, kó má sí nínú ìkankan nínú wọn. Síbẹ̀ wọ́n á fagi lé góòlù nítorí ìmú bàtà. Ó dun àwọn èèyàn, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Nígbà tó yá Premier League mú kí ìlà náà nípọn sí i láti sáà 2021 sí 2022, kí ẹni tó ń gbìyànjú àtijẹ góòlù lè rí àǹfààní díẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn pẹ̀tù sọ́kàn èèyàn, kò sì yanjú ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn rárá.

Ohun tí FIFA gbé dé Qatar yanjú ẹ̀ lọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀kan ni kámẹ́rà. Wọ́n fi kámẹ́rà 12 sábẹ́ òrùlé pápá kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ti tẹlifíṣọ̀n o, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa ṣọ́ ara. Lára agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan wọ́n ń tẹ̀ lé ojú ibi 29, orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀, èjìká, ìka ẹsẹ̀, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ fún èèyàn 22, ó lé ní ẹgbẹ̀rún 31 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìdí tí kámẹ́rà fi gbọ́dọ̀ pọ̀ ni pé kámẹ́rà kan ṣoṣo ò lè mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Ẹ di ojú kan, kẹ́ ẹ wá gbìyànjú láti ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ́ rí i bó ṣe máa ń rí. Tí kámẹ́rà mẹ́ta mẹ́rin bá ń wo orúnkún kan náà láti igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kọ̀ǹpútà á pa ohun tí wọ́n rí pọ̀, á mọ ibi tí orúnkún yẹn wà lórí pápá gẹ́lẹ́, á sì to egungun ara èèyàn kọ̀ọ̀kan jọ bí ẹni ń to ọmọláńgidi. Ohun tí wọ́n ń fi hàn wá nígbẹ̀yìn, tí agbábọ́ọ̀lù dà bí ère, ibẹ̀ ló ti wá, ó sì yẹ ká mọ̀ pé àwòrán tí wọ́n fi ń ṣàlàyé fún wa lásán ni, ìṣirò ti parí kí wọ́n tó yà á.

Èkejì ni bọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀, èmi ò tíì rí ohun tó dára tó o nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Inú bọ́ọ̀lù Al Rihla tí adidas ṣe, wọ́n fi okùn so sẹ́ńsọ̀ kékeré kan rọ̀ sí àárín gbùngbùn ẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ yẹn ò ríran, ó ń mọ̀ ọ́n lára ni. Ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń sọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń mì. Bọ́ọ̀lù tó ń fò lọ lójú òfurufú ń fi ìlà tó rọra ń lọ hàn, ẹsẹ̀ bá kàn án báyìí, ìlà náà á ta sókè ṣóńṣó bíi ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọkàn aláìsàn nílé ìwòsàn. Torí náà kò sí pé a ń fojú wá fọ́tò tí bọ́ọ̀lù ti kúrò lẹ́sẹ̀ mọ́, bọ́ọ̀lù ló ń sọ fúnra ẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 20 tá a ṣírò lẹ́ẹ̀kan di sẹ̀ǹtímítà 2. Ó ní bátìrì nínú o, wọ́n ní láti ṣáàjì bọ́ọ̀lù kí máàṣì tó bẹ̀rẹ̀ bá a ṣe ń ṣáàjì fóònù.

Bí ẹni tó wà ní ọ́fúsáìdì bá gba bọ́ọ̀lù, kọ̀ǹpútà á ta yàrá VAR lólobó. Kò ní fọn fèrè. Ẹnì kan níbẹ̀ á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìgbà tó mú yẹn ni bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀ lóòótọ́, bóyá ara tó mú ni ara tó yẹ, kí wọ́n tó sọ fún rẹfirí. Ìdí tí wọ́n fi ní ẹ̀rọ náà ò dá ṣiṣẹ́ tán nìyẹn.

Sẹ́ńsọ̀ yẹn ò dúró sórí ọ́fúsáìdì nìkan. Nínú ife àgbáyé yẹn kan náà, Pọ́túgà àti Uruguay, Bruno Fernandes gbá bọ́ọ̀lù sójú ilé, Ronaldo fò sókè, bọ́ọ̀lù wọlé, Ronaldo ń yọ̀ pé orí òun ló kàn án. Wọ́n wo inú bọ́ọ̀lù, ìlà ń lọ ní tiẹ̀, kò ta sókè níbì kankan nígbà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀. Góòlù di ti Bruno.

Àmọ́ ti Denmark ló fi bí nǹkan yìí ṣe lágbára tó hàn jù. Euro 2024, ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, ní Dortmund, àwọn àti Jámánì tó gba àlejò. Kò pẹ́ tí wọ́n dé láti ìsinmi ni Joachim Andersen gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Wọ́n wò ó, ìka ẹsẹ̀ Thomas Delaney ti yọ díẹ̀ kọjá ìlà, ọ́fúsáìdì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, David Raum gbá bọ́ọ̀lù wá láti ẹ̀gbẹ́, ó kan ọwọ́ Andersen kan náà, ó kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà ní pápá ló rí i. Sẹ́ńsọ̀ rí i. Wọ́n fi ìlà tó ta sókè yẹn han gbogbo ilé, Kai Havertz gbá pẹnárítì, Jámánì borí 2-0. Ẹnì kan ṣoṣo, láàárín ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ó ti jẹ góòlù tí wọ́n fagi lé, ó sì ti fún ọ̀tá ní pẹnárítì. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹ̀rọ parọ́. Ṣùgbọ́n bóyá ó yẹ kí ọwọ́ tó kàn fẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ pẹnárítì, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣòfin ni, àwọn sì ni ká máa bi.

Gbogbo ibi kọ́ ni bọ́ọ̀lù ti ń sọ̀rọ̀ o. Champions League bẹ̀rẹ̀ sí í lo kámẹ́rà amú-ọ́fúsáìdì ní sáà 2022 sí 2023, Serie A tẹ̀ lé e lọ́dún 2023, La Liga ní 2024, Premier League ló pẹ́ jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 2025 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, iPhone ni wọ́n sì tò yípo pápá ṣe kámẹ́rà tiwọn, torí bọ́ọ̀lù wọn ò ní sẹ́ńsọ̀ nínú, kámẹ́rà náà ló gbọ́dọ̀ fojú wá ìgbà tí ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Trionda, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ṣe fún ife àgbáyé 2026, ní sẹ́ńsọ̀ ní tiẹ̀, àmọ́ kò sí láàárín mọ́, wọ́n ti gbé e lọ sínú ọ̀kan nínú awọ mẹ́rin tí wọ́n fi ṣe bọ́ọ̀lù náà, wọ́n wá fi nǹkan tó wúwo díẹ̀ sínú mẹ́ta tó kù kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà tẹ̀ jù.

Ibi tí kámẹ́rà ń kùnà sí ò yàtọ̀ sí ibi tí ojú ń kùnà sí: ohun tí èèyàn bá dí mọ́ ọn lójú, kò lè rí i. Ẹ̀rọ tó ń sọ bóyá bọ́ọ̀lù ti kọjá ìlà góòlù, èyí tó máa ń mú kí aago ọwọ́ rẹfirí gbọ̀n, kámẹ́rà méje ló ní lójú ilé kọ̀ọ̀kan. Òun ni wọ́n ń lò ní Villa Park ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2020, kípà Aston Villa gbá bọ́ọ̀lù mọ́ra, ó gbé e wọnú ilé tìdítìdí, gbogbo ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n rí i, aago rẹfirí ò gbọ̀n. Kípà, dìfẹ́ńdà àti òpó ilé ló dí kámẹ́rà méjèèje. Sheffield United gba 0-0 lọ sílé. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, nígbà tí Bournemouth àti Wolves ń gbá FA Cup, èèyàn kún bọ́kìsì ju bí ẹ̀rọ amú-ọ́fúsáìdì ṣe lè tú wọn ká lọ, wọ́n ní láti padà sí ìlà tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n fi dúró.

Ìyókù di ti èèyàn. Ẹ̀rọ lè sọ pé ẹnì kan wà ní ọ́fúsáìdì, kò lè sọ bóyá ó dí kípà lójú, bóyá ó da dìfẹ́ńdà rú. Rẹfirí ló máa ń sáré lọ wo ìyẹn fúnra ẹ̀. Ẹ̀rọ ò sì lè bá wọn jíṣẹ́. Ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Tottenham àti Liverpool, Luis Díaz gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, láìnsìmáànì gbé àsíá sókè. Ní Stockley Park wọ́n fa ìlà, ìlà náà sì tọ̀nà, Díaz ò sí ní ọ́fúsáìdì. Àmọ́ ẹni tó jókòó ti VAR rò pé góòlù ni rẹfirí ti fún wọn lórí pápá, ó wá sọ fún un pé àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó dáa. Rẹfirí gbọ́ pé àsíá tọ̀nà. Wọ́n fún Tottenham ní frí-kíìkì, bọ́ọ̀lù gbéra. Wọ́n gbé ohùn inú yàrá náà jáde lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, èèyàn á gbọ́ ìgbà tí ẹnì kan rí àṣìṣe náà, tí òmíràn ń bẹ̀ pé kí wọ́n dá eré dúró, tí wọ́n sì ń dáhùn pé kò ṣeé ṣe mọ́, eré ti tún bẹ̀rẹ̀.